Wàláà tí ìwé ara ẹ̀ ti parẹ́: ṣé fóònù lè gbé e jáde?

Ọmọ_Lágbádé (Ẹ̀pẹ́)

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi fara dà á. Wàláà kan (pákó tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ kéwú) wà nílé wa ní Ẹ̀pẹ́ ńbí, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá bàbá àgbà ni wọ́n fi kọ́ sí láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ìtàn tí wọ́n ń sọ fún wa ni pé ẹni tó ni ín wà lára àwọn tó bá Ọba Kòsọ́kọ́ ti Èkó wá síbí lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó ní 1851, pé alfa ńlá ni, àti pé àdúà tó kọ kẹ́yìn kó tó kú ló wà lára wàláà yẹn, ìdí nìyẹn tí wọn ò fi ń jẹ́ kí ọmọdé kankan fọwọ́ kàn án. Nígbà tí mò ń lọ ilé kéwú tí wàláà tèmi là sí méjì, mo sunkún sunkún kí wọ́n yá mi lò, wọn ò dá mi lóhùn.

Wàhálà tó wà ńbẹ̀ ni pé kò sí nǹkankan lára ẹ̀ mọ́. Ẹ gbé e sójú oòrùn, ẹ gbé e sábẹ́ gílóòbù, pákó pupa rúsúrúsú lásán lẹ máa rí, kòkòrò ti jẹ ìsàlẹ̀ ẹ̀ díẹ̀, èéfín sì ti gbá ojú ẹ̀. Bí ẹ bá fìka rà á jẹ́jẹ́ (mo ṣe é lẹ́ẹ̀kan, kẹ́nikẹ́ni má sọ fún bàbá mi) ó dà bíi pé nǹkan kan wà ńbẹ̀, bí ìlà, àmọ́ ojú ò rí i.

Mo lọ bá ẹnìkan tó ní àwọn ní ẹ̀rọ tó ń ya irú nǹkan báyìí, owó tó pè, mo rò pé wàláà náà ló fẹ́ rà. Ẹ̀gbọ́n mi ní ká fi àdín nù ún kó lè tàn. Màmá mi ní ká fi ẹfun ra gbogbo ojú ẹ̀ ká wá nù ún, pé èyí tó bá kù sínú kòtò ló máa di lẹ́tà. Mo ní kí wọ́n dúró ná, kí n bi àwọn tó mọ̀. Tecno tó ti lo ọdún mẹ́rin ni mo ní, mo lè yá láptọ́ọ̀pù ọ̀rẹ́ mi ní wíkẹ́ẹ̀ndì, tọ́ọ̀ṣì wà. Ṣé a lè fi ìyẹn ṣe nǹkankan àbí kí n gbàgbé ẹ̀?

Ayàwòrán_Ìkòròdú

Bọ̀dá Ẹ̀pẹ́, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ọgbọ́n tí ẹ fi dá wọn dúró. Kò sí àdín, kò sí ẹfun, kò sí omi, kò sí kànrìnkàn. Àdín á mu wọ inú igi, kò ní jáde mọ́ láyé, eruku á máa lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹfun á wọ inú ìlà tẹ́ẹ̀rẹ́ yẹn, tí ẹ bá wá ń fi aṣọ nù ún ẹ̀ ń họ ojú igi nìyẹn, ohun tí ẹ̀ ń wá lẹ̀ ń nù kúrò. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ni kó kàn án.

Fótò ìgbéyàwó ni mo fi ń jẹun ní Ìkòròdú, àmọ́ ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń fi nǹkan yìí ṣeré, tí mo fi ń ya owó idẹ àtijọ́ àti ilẹ̀kùn gbígbẹ́, torí náà ohun tí ọwọ́ mi ti ṣe ni mò ń sọ. Kámẹ́rà kọ́ ni wàhálà yín o. Ibi tí iná ti ń wá ni.

Lálẹ́ òní tí NEPA bá mú iná lọ (wọ́n á mú un lọ, ẹ má ṣèyọnu) ẹ tẹ́ wàláà náà sórí tábìlì, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì, ẹ gbé e wá sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ á fi máa rá lórí igi. Ṣé ẹ ti dúró létí oko lágogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ rí? Lọ́sàn-án gangan ilẹ̀ á tẹ́ bíi ẹní, tí oòrùn bá ti ń wọ̀ báyìí ebè kọ̀ọ̀kan á so òjìji mọ́dìí, ipa ẹsẹ̀ adìyẹ gan-an ẹ máa rí i. Ohun kan náà ni. Tí ẹ bá ti rí ìlà kankan pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì yẹn, ẹ padà wá bá mi, ìrètí wà.

Àmọ́ tọ́ọ̀ṣì kan láti apá kan á fi ìlà kan hàn yín, á sì fi òmíràn pamọ́, torí ìlà tó bá dùbúlẹ̀ sọ́nà ibi tí iná ti ń bọ̀ kì í ní òjìji. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní RTI. Kámẹ́rà ò ní mira, wàláà ò ní mira, iná nìkan lẹ máa gbé kiri, ẹ máa ya bíi 40 fótò, ọ̀kan fún ibi kọ̀ọ̀kan tí iná bá dúró sí, kọ̀ǹpútà á wá kó gbogbo ẹ̀ pọ̀ sí fáìlì kan ṣoṣo tí ẹ lè máa fi máòsì yí ìmọ́lẹ̀ lórí ẹ̀ bó ṣe wù yín, bíi pé wàláà wà níwájú yín tí tọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ yín. Tom Malzbender pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní HP Labs ni wọ́n gbé e jáde ní 2001, PTM ni wọ́n ń pè é nígbà yẹn. Píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan (ẹyọ tín-ín-tín tó para pọ̀ di fótò), kọ̀ǹpútà á wò ó pé nígbà tí iná wà lọ́tùn-ún báwo ló ṣe mọ́lẹ̀ sí, nígbà tó wà lókè ńkọ́, á wá fi nọ́ńbà 6 péré pa gbogbo ìròyìn yẹn mọ́. Láti ibẹ̀ ló ti ń mọ ọ̀gangan ibi tí ojú igi kọ sí níbẹ̀, bóyá ó tẹ́jú ni àbí ó dagun wọ inú kòtò. Ọdún 2005 wọ́n gbé e lọ sí Athens lọ fi ya ẹ̀rọ Antikythera, ẹ̀rọ idẹ àtijọ́ tí wọ́n rí nínú ọkọ̀ tó rì sókun, wọ́n sì ka lẹ́tà tí ẹnikẹ́ni ò tíì kà rí jáde lára ẹ̀.

Báwo ni kọ̀ǹpútà ṣe máa mọ ibi tí ẹ gbé iná sí? Àwọn olówó ní nǹkan bí igbá ńlá tí wọ́n da ojú ẹ̀ dé nǹkan náà, iná wẹẹrẹ wà nínú ẹ̀ tó ń tàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwa ń lo bọ́ọ̀lù dúdú. Ẹ gbé bọ́ọ̀lù kékeré tó dúdú tó sì ń dán sí ẹ̀gbẹ́ wàláà, nínú fótò kan náà. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá tan iná, àmì funfun kan á ṣẹ́ sára bọ́ọ̀lù bí ojú ológìnní lóru, ibi tí àmì yẹn bá dúró sí lára ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà máa fi ṣírò ibi tí iná ti wá. Tèmi, inú bíárìnì tírélà ni wọ́n ti yọ ọ́, mẹkáníìkì kan ní Sábó ló fún mi lọ́fẹ̀ẹ́, mo ní kí ẹni tó ń kun mọ́tò fi sípíréè dúdú fín in. Ẹ má lo ìlẹ̀kẹ̀, ọ̀pọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ tí ẹ rò pé ó rí róbótó kò rí róbótó. Bọ́ọ̀lù méjì dáa ju ọ̀kan lọ.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é: ẹ so fóònù mọ́ nǹkan tí kò ní mira lókè wàláà, kí ojú ẹ̀ kọ ilẹ̀ gangan. Ẹ lọ sí Pro nínú kámẹ́rà, ẹ gbé ISO sílẹ̀ pátápátá, ẹ ti fókọ́ọ̀sì pa, ẹ pa HDR, ẹ sì pa bíyútì yẹn, torí bó ṣe ń pa rorẹ́ ojú ìyàwó náà ló máa pa gbogbo ìlà tí ẹ̀ ń wá. Ẹ má fọwọ́ tẹ fóònù láti yà á, ẹ ki íàpíìsì oníwáyà bọ̀ ọ́, bọ́tìnì fólúùmù ẹ̀ ló máa ń ya fótò lórí ọ̀pọ̀ fóònù. Ẹ so òwú mọ́ orí tọ́ọ̀ṣì, kí gígùn ẹ̀ jẹ́ bí ìlọ́po mẹ́ta gígùn wàláà, kẹ́nìkan di ìdí òwú mú sítòsí àárín wàláà láìkàn án, ẹ na òwú náà tán kẹ́ ẹ tó ju òwú sílẹ̀ kẹ́ ẹ sì yà á, kí iná má baà sún mọ́ jù níbì kan kó jìnnà níbì kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ẹ máa gòkè, ẹ má gbé e dé orí gangan.

Sọ́fítíwíà: RTIBuilder pẹ̀lú RTIViewer, ẹgbẹ́ Cultural Heritage Imaging ní San Francisco ló ń fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Relight náà wà, àwọn ará Pisa ní Ítálì ló ṣe é, ọ̀fẹ́ náà ni, òun ni mo fẹ́ràn jù torí kì í fún èèyàn ní wàhálà tó pọ̀. Ẹ dáńlóòdù ẹ̀ lóru tí dátà bá pọ́.

Àjárá_Badagry

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ọ́ tán, n ó kàn fi èyí tó ṣe mí kún un kó má baà ṣe ẹlòmíràn.

Òkúta ojú oórì bàbá ńlá wa ni tiwa, sìmẹ́ǹtì ni, etí ọ̀sà ló wà, iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ ti jẹ ẹ́ débi pé nọ́ńbà ọdún tó wà lára ẹ̀, ẹ̀ka ìdílé méjì ń jà lé e lórí. Èmi ọlọ́gbọ́n orí, 3D ni mo kọ́kọ́ gbá mú. Ẹ mọ èyí tí èèyàn máa ń rìn yí nǹkan ká, tí á máa yà á léraléra kí fótò kọ̀ọ̀kan wọ inú èkejì dáadáa, kí sọ́fítíwíà tó ń jẹ́ Meshroom wá fi wọ́n mọ nǹkan náà sínú kọ̀ǹpútà. Ọ̀fẹ́ ni Meshroom lóòótọ́, àmọ́ kọ̀ǹpútà tí kò bá ní káàdì àwòrán NVIDIA kò ní lè parí iṣẹ́ náà dáadáa, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi kí n tó fi gbogbo alẹ́ jókòó tì í. Mo rí kọ̀ǹpútà yá níkẹyìn, ó gbé òkúta náà jáde, ó rẹwà, mo ń yí i sọ́tùn-ún sósì bíi pé mo ra ilé. Nọ́ńbà? Kò sí. Gbogbo ibi tí lẹ́tà wà ti yọ́ bíi òrí ọ̀sán. Kòtò tó tinrin tó ìbú irun, 3D irú èyí kì í sábà mú un. Ìrísí ló mọ̀, ó dáa fún odó, fún ìlù, fún àgbá ìbọn, fún ère. Nǹkan tó bá sì ń dán bíi idẹ, ẹ má wulẹ̀ dán an wò.

Ìgbà tí mo padà lọ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lóru ló tó ṣẹlẹ̀. Àwa mẹ́ta ni, ẹ̀fọn fẹ́ẹ̀ gbé wa lọ, ọmọ àbúrò bàbá mi di tọ́ọ̀ṣì mú, mo ní kó máa sọ̀ kalẹ̀, kó máa sọ̀ kalẹ̀, títí tọ́ọ̀ṣì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, ló bá pariwo lédè Ègùn. Nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn tí ẹ̀ka tiwa ń pè ní 3, 8 ni. Apá òsì 8 yẹn ló ti jẹ. A ò tiẹ̀ tíì ya fótò kankan o, tọ́ọ̀ṣì lásán ni. Torí náà kí Bọ̀dá Ẹ̀pẹ́ má fo ìpele tọ́ọ̀ṣì yẹn.

Àǹtí_Ìgbógbó

Àbúrò, ẹ kú akitiyan, àmọ́ kí n béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni ò béèrè. Ta ló ní kí o yà á? Olórí ẹbí mọ̀ sí i? Ohun tí wọn kì í jẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kàn, o fẹ́ gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí gbogbo ayé máa fi máòsì yí iná lórí ẹ̀. Mi ò ní kó o má ṣe é o, kó o gba ìyọ̀ǹda ni mo wí, kó o sì bi wọ́n léèrè méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ṣé kí n yà á, ṣé kí n fi han ará ìta. Ìdáhùn àkọ́kọ́ kọ́ ni ìkejì.

Ẹ̀kejì, lọ pa location nínú kámẹ́rà fóònù rẹ kó o tó ya ẹyọ kan. Fótò máa ń gbé àdírẹ́sì ilé yín dání láìsọ fún yín, àwọn tó ń ra nǹkan àtijọ́ kiri sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì jù yín lọ. Ilé ẹnìkan tí mo mọ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tó fi fótò ìjókòó gbígbẹ́ bàbá ẹ̀ síta, àwọn kan ti wá kan ilẹ̀kùn pé àwọn ń wá "igi àtijọ́".

Ọmọ_Lágbádé (Ẹ̀pẹ́)

Àǹtí, ẹ ṣé gan-an ni, ojú tì mí díẹ̀ torí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni yàtọ̀ sí àwọn màmá mi. Mo ti lọ bá àwọn àgbààgbà lónìí. Wọ́n gbà kí n yà á, àmọ́ fótò ò gbọdọ̀ jáde kúrò nínú ẹbí, torí náà ẹ̀yin ará, ẹ má bínú, ẹnu ni mo máa fi ròyìn fún yín. Location ti kú.

Tọ́ọ̀ṣì náà, mo ti dán an wò. ÌLÀ WÀ ŃBẸ̀. Ara mi bù máṣọ.

Alfa_Pópó

Às-sàlámù àlékúmù. Ẹ̀yin ọmọ mi, mò ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná. Nǹkan kan wà tí ẹ gbàgbé. Iṣẹ́ wàláà ni pé kí á kọ ọ́ kí á sì fọ̀ ọ́. Ọmọ kéwú á kọ ti òní, á há a, wọ́n á fọ̀ ọ́, á tún kọ ti ọ̀la. Tó bá sì jẹ́ ti àdúà, hàńtú ni, wọ́n á fi omi fọ̀ ọ́ mu. Torí náà wàláà tí wọ́n bá ti lò dáadáa, ẹ má retí ìwé kan ṣoṣo lára ẹ̀, ìwé orí ìwé ni. Èkejì, tàdáwà, yíńkì tí a fi ń kọ wàláà, kì í ṣe oríṣi kan. Àwọn kan ń fi dúdú ìdí ìkòkò tàbí èédú pò ó pẹ̀lú oje igi, àwọn kan ń se èèpo igi, wọ́n á ju irin sí i. Mi ò mọ̀ bóyá ìyẹn wúlò fún ẹ̀rọ yín.

Wáyà_àti_Sódà

Ó wúlò o, Alfa, ẹ̀yin gan-an lẹ sọ nǹkan tí mo fẹ́ sọ.

RTI tí ẹ̀gbọ́n ṣàlàyé, kòtò àti òkè ló mọ̀. Ibi tí tàdáwà bá ti kàn wọ inú igi láìsí kòtò, kò ní rí nǹkankan ńbẹ̀. Ibẹ̀ ni infrared ti wọlé, ìmọ́lẹ̀ tí ojú èèyàn ò lè rí, tí ojú kámẹ́rà rí. Tàdáwà dúdú ìdí ìkòkò máa ń dúdú síbẹ̀ lábẹ́ ẹ̀, ìdọ̀tí tinrin lè ṣí kúrò níwájú ẹ̀ díẹ̀. Ti èèpo igi àti irin máa ń ṣá lábẹ́ infrared ni, ó tiẹ̀ lè parẹ́ bíi pé wọn ò kọ ọ́ rí. Kí ẹ tó náwó kankan, ẹ gbé rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n síwájú kámẹ́rà iwájú fóònù yín, èyí tí ẹ fi ń ya ara yín, ẹ tẹ bọ́tìnì. Tí ẹ bá rí iná kékeré kan tó ń ṣẹ́jú tí ojú yín lásán ò rí, infrared ni ẹ̀ ń wò yẹn.

Àwọn tó ń ṣe kámẹ́rà ń fi gíláàsì pẹlẹbẹ kékeré kan dí i mọ́lẹ̀ kí àwọ̀ fótò má baà dàrú. Ẹ wá webcam àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni ò lò mọ́, ẹ yọ gíláàsì yẹn kúrò lẹ́yìn lẹ́ǹsì, ó ti di kámẹ́rà infrared nìyẹn. Láti wá dí ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí, ẹ lọ bá àwọn onífótò ayé àtijọ́, ẹ tọrọ ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù aláwọ̀ tí wọ́n ti fọ̀, ibi tó dúdú kirikiri yẹn, ẹ fi ìṣẹ́po méjì bo ojú lẹ́ǹsì. Infrared á gba inú ẹ̀ kọjá. Iná tí ẹ máa lò, gílóòbù àtijọ́ tó ń gbóná yẹn ni, àbí oòrùn. LED funfun tí gbogbo wa ń lò nílé báyìí kò ní infrared tó nǹkankan nínú, ẹ máa jókòó síbẹ̀ ẹ máa rò pé kámẹ́rà ló bàjẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́ o, webcam ni mo wí, ẹ má lọ tú kámẹ́rà kékeré tó ní fíláàṣì. Ohun tó ń gbé iná fíláàṣì nínú ẹ̀ ń di iná mú fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ bátìrì. Ó gbá mi lọ́wọ́ rí, mo jókòó sílẹ̀ láìrò tẹ́lẹ̀.

Ayàwòrán_Ìkòròdú

@Wáyà ẹ ṣé, mi ò tiẹ̀ rántí apá yẹn. Kí n fi DStretch sí i, Jon Harman ló ṣe é fún àwòrán ara àpáta, inú ImageJ ló ti ń ṣiṣẹ́, ImageJ yẹn ọ̀fẹ́ ni. Fótò kan ṣoṣo ló máa gbà, á na ìyàtọ̀ àwọ̀ tí ojú ò lè dá mọ̀ títí á fi hàn. Tó bá jẹ́ pé tàdáwà yẹn ti di pupa rúsúrúsú bíi igi fúnra ẹ̀, ẹ dán an wò. Àwọ̀ ọ̀run àpáàdì ló máa yọ sí i, ẹ má bẹ̀rù.

Ọmọ_Lágbádé (Ẹ̀pẹ́)

Ẹ̀yin ará, mo ti padà dé. Ọjọ́ kọkànlá rèé.

Ẹ̀ẹ̀kan àkọ́kọ́ bàjẹ́ pátápátá. Fókọ́ọ̀sì tí mo rò pé mo tì, kò tì, fótò kan mọ́, èkejì ṣú. Ẹ̀ẹ̀kejì, mo dé fótò 29, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sáré wọlé, ó fi orúnkún gbá tábìlì, gbogbo ẹ̀ sún bí ìwọ̀n èékánná, kọ̀ǹpútà ní òun ò gbà. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi í sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta, mo ti gbogbo wọn síta, mo fi pákó méjì àti àpò ìrẹsì di fóònù mú, mẹkáníìkì fún mi ní bọ́ọ̀lù méjì lóòótọ́ bí ẹ̀gbọ́n ṣe wí, mo fi àmọ̀ tí ọmọdé fi ń ṣeré mọ́ wọn sílẹ̀ kí wọ́n má baà yí. 44 fótò. Ó lé ní wákàtí kan, àbúrò mi ló ń di òwú mú, ó ní tí òun bá tún gbọ́ "na òwú" lọ́jọ́ yẹn òun á fi ilé sílẹ̀.

Mo kó wọn sínú Relight. Mo ṣí fáìlì tó jáde nínú RTIViewer. Mo fi máòsì fa iná wá sí apá òsì, kò sí nǹkankan. Mo wá lọ sí ibi tí wọ́n ti ń bo àwọ̀ igi mọ́lẹ̀, tó fi jẹ́ pé dídán ojú ẹ̀ nìkan ló kù, bíi pé wọ́n fi irin rọ wàláà náà, ni gbogbo ẹ̀ bá jáde. Mo dìde kúrò lórí àga.

Alfa tọ̀nà, ìwé orí ìwé ni, ìlà ń gba orí ara wọn kọjá bí ìtàkùn. Àmọ́ lókè pátápátá, ibi tí ọwọ́ tí ń di wàláà mú kì í dé, ìlà kan wà tó mọ́ kedere, ìkọ̀wé ẹni tó mọ iṣẹ́, lẹ́tà tó dúró dáadáa. Ìlà kejì, lẹ́tà kan náà, àmọ́ ó tóbi jù, ó ń wọ́ lọ sísàlẹ̀. Ìlà kẹta, ìkan náà, wọ́n tún ṣe é wọ́gọwọ̀gọ, ọ̀kan wà tí orí ẹ̀ dorí kodò. Mo gbé láptọ́ọ̀pù lọ fún alfa àdúgbò wa, àwọn àgbààgbà méjì sì tẹ̀ lé mi. Alfa wò ó, ó dákẹ́, ó bú sẹ́rìn-ín. Alífù, báà, tàá. Olùkọ́ ló kọ ìlà òkè, ọmọ kan ló ń wò ó kọ nísàlẹ̀, ó ń ṣe é, kò gbà, ó tún ń ṣe é.

Àdúà ìkẹyìn o. Ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ tí wọn ò jẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kàn án!

Ọ̀kan nínú àwọn àgbààgbà bínú díẹ̀, ó ní ẹ̀rọ ló ń purọ́. Ìyá àgbà wa ní tòun, a fi hàn án, ó fìka tọ lẹ́tà tó dorí kodò yẹn, ó ní "ọmọ yìí jọ ẹ", èmi ló ń bá wí. Wọ́n ti gbé wàláà padà sẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n ṣì ní kí ọmọdé má fọwọ́ kàn án.

Àǹtí_Ìgbógbó

Háà! Èmi náà bú sẹ́rìn-ín níbi iṣẹ́, wọ́n ń bi mí pé kí ló dé.

Àjárá_Badagry

Bọ̀dá, àmọ́ ta ni ọmọ yẹn? Tó bá jẹ́ pé alfa tó ni wàláà yẹn fúnra ẹ̀ ló ń kọ́ ọmọ nínú ilé, ẹni náà lè jẹ́ baba yín gan-an.

Ọmọ_Lágbádé (Ẹ̀pẹ́)

Ohun tí a ń fà lọ́wọ́ báyìí nìyẹn. Nǹkan kan tún wà nísàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, sítòsí ibi tí kòkòrò jẹ, ó jọ orúkọ, àmọ́ kòtò ò sí ńbẹ̀, àwọ̀ igi lásán ló yàtọ̀ díẹ̀. @Wáyà_àti_Sódà, mo ti rí webcam kan lọ́wọ́ ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, gíláàsì yẹn rèé tó ń ta pupa tó ń ta àwọ̀ omi tí mo bá yí i, ṣé òun ni kí n yọ? Gílóòbù àtijọ́ ni mi ò tíì rí rà ní gbogbo Ẹ̀pẹ́, LED ni gbogbo wọn ń tà.

Wáyà_àti_Sódà

Òun gan-an ni. Ẹ fi abẹ́ gbé e létí jẹ́jẹ́, ẹ má fi agbára. Gílóòbù, ẹ lọ bá àwọn tó ń sin òròmọdìẹ, èyí tí wọ́n fi ń mú wọn móoru, ẹ yá a fún alẹ́ kan.